Igi Kan Lórí Ilẹ̀ Mẹ́ta: Kaliándírà àti Ìtàn Ẹ̀tọ́ Orí Ilẹ̀ ní Java, Kẹ́ńyà àti Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ìtàn iṣẹ́ ọ̀gbìn, àwọn igi tó mú owó ńlá wọlé fún ìjọba àti oníṣòwò ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ̀wé lé lórí. Kòkó ní ìwé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kọfí, rọ́bà àti ọ̀pẹ. Àwọn igi kéékèèké tó wà létí oko, tí a ń gé dáná, tí a sì ń já ewé wọn fún ẹran ọ̀sìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni kaliándírà, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ sí Calliandra calothyrsus. Inú igbó olójò ní ẹ̀gbẹ́ òkè Ààrin Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní ọdún 1936, wọ́n kó irúgbìn rẹ̀ lọ sí erékùṣù Java. Kí ọ̀rúndún 20 tó parí, ó ti dé orí àwọn òkè ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ti dán an wò nínú oko ìwádìí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ìwé tí wọ́n ti kọ nípa igi yìí kò kéré, ṣùgbọ́n onímọ̀ igbó àti onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bí igi náà ṣe ń yára dàgbà tó, iye igi ìdáná tí a lè rí lára rẹ̀, àti bí ewé rẹ̀ ṣe dára tó fún màlúù. Ìbéèrè ti àpilẹ̀kọ yìí yàtọ̀. Kí ló fà á tí igi kan náà fi di ọgbà ààbò fún igbó ìjọba ní ibì kan, tó di oúnjẹ màlúù àti igi ìdáná àwọn obìnrin ní ibòmíràn, tí kò sì jìnnà sí oko ìwádìí níbi kẹta? Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ìdáhùn náà kò sí nínú igi náà nìkan. Ó wà nínú ètò ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀, pàápàá jù lọ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ibì kọ̀ọ̀kan gbà pé ó yẹ kí a máa pè ní "igi", àti irú ẹ̀tọ́ tí gbígbin igi ń fún ẹni tó gbìn ín.

Igi náà àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ìbátan irúgbá, àyùnrẹ́ àti patanmọ́ ni kaliándírà. Bí ti àwọn ìbátan rẹ̀ wọ̀nyí, ewé rẹ̀ jẹ́ wẹ́wẹ́, ó sì tò lọ́tùn-ún lósì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Inú èèpo pẹlẹbẹ bí ti ẹ̀wà ni èso rẹ̀ sì wà. Kì í ga púpọ̀. Mítà 4 sí 6 ni ó sábà máa ń ga, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń dé mítà 12. Òdòdó rẹ̀ ló fún un ní orúkọ, nítorí pé ẹwà fọ́nrán akọ inú òdòdó ni ọ̀rọ̀ Calliandra ń tọ́ka sí ní èdè Gíríìkì. Fọ́nrán pupa gígùn, tó rí bí òwú sẹ́dà, ló yọ jáde lára òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó náà máa ń là, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kejì, ó ti rọ. Àdán àti àfòpiná ńlá tí ń fò lóru ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti orí igi kan dé orí èkejì. Bí èso bá gbẹ, èèpo rẹ̀ á là pàà, á sì ta irúgbìn sọnù sí ọ̀nà jíjìn.

Àbùdá mẹ́ta ló jẹ́ kí igi yìí wúlò fún àgbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé bí a bá gé e, kùkùté rẹ̀ á tún rú; a lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e fún ìdáná lẹ́yìn ọdún kan péré, kí a sì máa gé e lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Èkejì ni pé àwọn bakitéríà tí ń gbé lára gbòǹgbò rẹ̀ ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, èyí tó jẹ́ kí ó lè hù lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Ẹ̀kẹta ni pé èròjà amúaradàgbà pọ̀ nínú ewé rẹ̀; ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ewé náà nígbà tó bá gbẹ. Àmọ́ ewé náà tún ní tánínì, èròjà tí ń fún ẹnu pọ̀, tó sì ń di èròjà amúaradàgbà náà mú kí inú ẹran má lè tètè lò ó tán. Nítorí náà, àfikún oúnjẹ ni ewé kaliándírà jẹ́ fún ẹran. A kì í fi nìkan bọ́ ọ.

Láti Mẹ́síkò títí dé Panama ni igi yìí ti ń hù fúnra rẹ̀, láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ títí dé ibi tó ga ju mítà 1,800 lọ. Etí odò, ẹ̀gbẹ́ òkè tí ilẹ̀ ti ya, etí ojú ọ̀nà àti oko tí a ti fi sílẹ̀ ni a ti sábà máa ń rí i. Ohun tó yẹ fún àkíyèsí ni pé àwọn àgbẹ̀ ibi tí igi náà ti ṣẹ̀ wá kò kà á sí púpọ̀. Nínú oko kọfí ní Guatemala, igi mìíràn láti inú ẹbí kan náà, Inga, ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe ìbòji. Wọn kò gbin kaliándírà nítorí pé ó ń hù fúnra rẹ̀, igi ìdáná mìíràn sì wà nítòsí. Ìtàn ìwúlò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n sì ti ń jà nítorí rẹ̀.

Java: igi ní ààlà igbó ìjọba

Láti lóye ohun tí kaliándírà ṣe ní Java, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí igbó erékùṣù náà ṣe di ti ìjọba. Ní ọdún 1865, ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Họ́láńdì ṣe òfin igbó fún Java àti Madura. Ní 1870, wọ́n kéde pé gbogbo ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni ín ti di ti ìjọba. Igi tíìkì ni wọ́n ń lépa. Láti ìgbà náà ni ará abúlé tó wọ igbó tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń gé igi ti di olè lójú òfin, tí ọlọ́pàá igbó sì lè mú un. Ìjọba ṣì nílò ọwọ́ àwọn ará abúlé wọ̀nyí fún iṣẹ́. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní tumpangsari, àgbẹ̀ lè gbin oúnjẹ sáàárín ọmọ igi tíìkì fún ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì máa tọ́jú igi náà. Bí igi bá ti ń ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Irú ètò yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó mọ ìtàn igbó ọba ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní tọ́ngíyà.

Àwọn ará Java kò gba òfin yìí láìjanpata. Ní nǹkan bí ọdún 1890, àgbẹ̀ kan ní agbègbè Blora, Samin Surosentiko, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn pé ilẹ̀, omi àti igi kì í ṣe ohun tí ìjọba lè sọ di tirẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kọ̀ láti san owó orí, wọ́n sì ń gé igi nínú igbó láìtọrọ àyè. Ní 1907 ni ìjọba mú un, tí wọ́n sì lé e lọ sí Sumatra, níbi tó kú sí ní 1914. Kì í ṣe ogun ni Samin jà; kíkọ̀ ni ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ fi hàn pé kí kaliándírà tó dé Java rárá ni ìjà lórí igi ìdáná ti wà nílẹ̀.

Ní 1936 ni irúgbìn kaliándírà ti Guatemala dé. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ó lè ṣe ìbòji fún kọfí. Irúgbìn tí wọ́n kó wá kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni láti inú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lára kaliándírà Java ti pọ̀ sí i. Fún bí ogójì ọdún, kò sí ohun ńlá kan tó tìdí rẹ̀ yọ. Ní àkókò yìí, àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ sí i. Ìkànìyàn 1930 fi iye àwọn ará Java àti Madura sí bíi mílíọ̀nù 41.7, nígbà tí yóò fi di 1971, wọ́n ti tó mílíọ̀nù 76. Igi ni púpọ̀ nínú wọn fi ń dáná. Òmìnira tí Indonéṣíà gbà kò dá igbó padà fún àwọn abúlé. Ilé-iṣẹ́ igbó ti ìjọba ló jogún rẹ̀, èyí tó di Perum Perhutani ní 1972.

Ilé-iṣẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kaliándírà lọ́pọ̀ yanturu ní 1974. Wọ́n gbìn ín sórí ẹ̀gbẹ́ òkè tí ọ̀gbàrá ti wọ́ lọ, àti sí ààlà láàárín igbó ìjọba àti oko àwọn ará abúlé. Èrò wọn rọrùn láti lóye. Bí ará abúlé bá rí igi ìdáná gé létí igbó, kò ní wọ àárín igbó lọ gé tíìkì àti páìnì. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kaliándírà ti bo nǹkan bí 30,000 hẹ́kítà. Ní 1978, ìlú Jakarta gba Àpérò Àgbáyé lórí Igbó lálejò, àkòrí àpérò náà sì ni igbó fún àwọn ènìyàn. Ní 1983, National Research Council ní Washington tẹ ìwé kan jáde tó gbé igi náà lárugẹ fún gbogbo ilẹ̀ olójò ní àgbáyé. Ìwé yìí ló sọ kaliándírà Java di olókìkí, tí orílẹ̀-èdè mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irúgbìn rẹ̀.

Bí a bá ka ìtàn yìí láti ojú ilé-iṣẹ́ igbó nìkan, yóò dà bí ìtàn oore. Ṣùgbọ́n Nancy Lee Peluso, nínú ìwé rẹ̀ Rich Forests, Poor People tó jáde ní 1992, fi hàn pé àwọn ètò tí Perhutani ṣe láti tu àwọn ará abúlé lójú kò mú kí ilé-iṣẹ́ náà yọwọ́ lórí ilẹ̀ àti igi tó níye lórí. Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo kaliándírà ààlà. Ìpẹ̀tù ni, ọgbà sì ni pẹ̀lú. Ó fún ará abúlé ní igi tí yóò fi se oúnjẹ rẹ̀ lónìí. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ó fi ìlà pupa òdòdó rẹ̀ tún ààlà tí òfin 1870 fà fà. Ẹni tó bá ń gé kaliándírà ti gbà, bó mọ̀ ọ́n bí kò mọ̀ ọ́n, pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe tòun.

Ẹ̀rí tó ti èyí lẹ́yìn wà ní Java fúnra rẹ̀. Ní Toyomarto, abúlé kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè Arjuna ní ìlà-oòrùn Java, àwọn ará abúlé gbin kaliándírà sórí ilẹ̀ tiwọn. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé 1983 náà ti sọ, igi ìdáná di ohun ọjà, owó tí wọ́n ń rí nídìí rẹ̀ sì ju ti oúnjẹ tí wọ́n ń gbìn tẹ́lẹ̀ lọ. Irúgbìn kan náà ni, erékùṣù kan náà ni, ọdún kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ni ilẹ̀.

Kẹ́ńyà: igi tí a kò pè ní igi

Ọ̀nà tí kaliándírà gbà fìdí múlẹ̀ ní Kẹ́ńyà kò bá ti Java mu. Ní agbègbè Òkè Kẹ́ńyà, ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú láti fi ipá mú àwọn ènìyàn gbẹ́ ilẹ̀ ní ìpele-ìpele kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Ní Murang'a ní 1947, àwọn ènìyàn kọ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni ogun Mau Mau, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Ní 1954, láàárín ogun náà, ìjọba gbé ètò Swynnerton kalẹ̀. Wọ́n kó àwọn ẹ̀ka oko tó fọ́n ká jọ sójú kan, wọ́n ń fún olúkúlùkù ní ìwé ilẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ènìyàn dúdú láyè láti gbin kọfí àti láti sin màlúù oníwàrà ti òyìnbó. Ìṣèlú ló bí ètò náà, kì í ṣe àánú: wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ onílẹ̀ kan sílẹ̀ tí kò ní tẹ̀lé àwọn jagunjagun. Àwọn kan pàdánù ilẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n wà ní àhámọ́. Síbẹ̀ àbájáde rẹ̀ ni pé, nígbà tí yóò fi di ìparí ọ̀rúndún náà, àgbẹ̀ Embu tó ní hẹ́kítà kan tàbí méjì mọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé, ó sì mọ̀ pé igi tí òun bá gbìn lónìí kò ní di ti ẹlòmíràn lọ́la.

Orí irú oko bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àti ti igbó Kẹ́ńyà, pẹ̀lú ICRAF tó wà ní Nairobi, gbé kaliándírà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìṣòro tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe igi ìdáná nìkan. Màlúù oníwàrà tí a so mọ́lẹ̀ ń jẹ koríko Napier, koríko náà kò sì tó fún un. Oúnjẹ alápò tí wọ́n ń tà fún màlúù wọ́n. Ìwádìí fi hàn pé kílò 3 ewé tútù kaliándírà, tó bá kílò 1 ewé gbígbẹ dọ́gba, lè rọ́pò kílò 1 oúnjẹ alápò náà láìjẹ́ kí wàrà dínkù. Bí igi 500 ló tó láti máa bọ́ màlúù kan yí ọdún po. Àgbẹ̀ kò sì nílò ilẹ̀ ọ̀tọ̀ fún un. Ó lè gbìn ín sí etí ìpele ilẹ̀, sí ààlà oko, àti yí ilé ká. Àwọn ìpele tí bàbá rẹ̀ fi ipá gbẹ́ ti di ibi tí ó ń gbin oúnjẹ ẹran rẹ̀ sí.

Ìtàn tó tún gbòòrò jù èyí lọ wà ní Kakamega, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Níbẹ̀, àwọn obìnrin ló ń wá igi ìdáná, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni fún obìnrin láti gbin igi. Wọ́n gbà pé obìnrin tó bá gbin igi lè yàgàn, tàbí kí ọkọ rẹ̀ kú. Ó hàn pé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ ni èèwọ̀ náà ń ṣọ́, nítorí pé ẹni tó gbin igi ti fi ọwọ́ lé ilẹ̀. Nígbà tí ètò igi ìdáná kan bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí bíi Noel Chavangi kíyè sí i pé gbígbìn nìkan kọ́ ni ìṣòro: ìbéèrè ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbìn ni. Wọn kò gbógun ti èèwọ̀ náà ní tààrà. Wọ́n mú àwọn ewéko tuntun wá, tí kaliándírà jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Wọ́n kúrú, wọ́n ń hù ní kíákíá, wọ́n sì ń kú sọ́wọ́ àdá lọ́dọọdún. Nítorí pé àwọn àgbà kò mọ̀ wọ́n, tí wọn kò sì dàgbà di òpó ilé tàbí pákó, a kò kà wọ́n mọ́ igi tí èèwọ̀ náà dè. Obìnrin lè gbìn ín, kó sì gé e dáná, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé ó ń jà sí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí 2005, wọ́n fojú bù ú pé àwọn àgbẹ̀ bíi 200,000 ní Kẹ́ńyà, Uganda, Rwanda àti àríwá Tanzania ló ń gbin kaliándírà àti àwọn igi kéékèèké mìíràn fún oúnjẹ ẹran, àwọn obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ìwé ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nínú èyí. Ohun tí wọ́n kà sí igi àti ohun tí wọn kò kà sí i náà ṣe tirẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá: igi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA wà láti 1967. Níbẹ̀, láti 1976, ni B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀nà ọ̀gbìn kan tó di mímọ̀ káàkiri àgbáyé. A ó gbin igi elẹ́bí ẹ̀wà ní ìlà-ìlà, a ó sì gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sáàárín àwọn ìlà náà. Bí igi bá ga, a ó gé e, a ó sì tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sanra. Ète wọn ni kí àgbẹ̀ lè máa dá oko kan náà láìfi í sílẹ̀ kí ó padà di igbó. Leucaena àti Gliricidia ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Kaliándírà náà wọ inú ìdánwò náà. Ní 1989, Gichuru àti Kang tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí kaliándírà tí a gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sáàárín rẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn gbé irú ọ̀nà yìí lọ sí àwọn abúlé nítòsí Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1980, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí ewé bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn.

Ọ̀nà ọ̀gbìn náà kò tàn ká bí wọ́n ti rò. Ìdí rẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan. Iṣẹ́ gígé igi náà pọ̀, ó sì ń bọ́ sí àkókò tí àgbẹ̀ ń ro oko. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ ṣì wà tí a lè fi sílẹ̀ kó sinmi, nítorí náà àgbẹ̀ kò rí ìdí tó fi yẹ kó máa bá ìlà igi jà. Kò sì sí màlúù oníwàrà bíi ti Embu. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ̀ kiri. Ní ti kaliándírà ní pàtàkì, òkè tútù olójò ló bá a lára mu jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn Ìbàdàn gùn. Àwọn ìdí wọ̀nyí lágbára, kò sì yẹ kí òpìtàn fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò tó láti ṣàlàyé ohun gbogbo, nítorí pé wọn kò sọ fún wa ẹni tí a gbà láyè láti gbin igi náà.

Nínú òfin ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí P. C. Lloyd ti ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1962, ẹbí ló ni ilẹ̀. Àlejò tó bá tọrọ ilẹ̀ lè rí i gbà láti dáko, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni yóò gbìn: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́. Kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò wà pẹ́ láìgba àṣẹ, nítorí pé igi ni ẹ̀rí. Ẹni tó gbin igi ló ni ín, bí kò tilẹ̀ ni ilẹ̀ tó dúró lé, ọmọ rẹ̀ á sì jogún rẹ̀. Bí kòkó ṣe wọlé tó sì di ọrọ̀, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i. Sara Berry fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1975 bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣí kiri wá ilẹ̀ kòkó, àti bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe di àmì pé ẹni tó ń gbin kòkó mọ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ ló dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló gbin igi yìí, àṣẹ ta ló fi gbìn ín?

Inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ìlà kaliándírà àti Leucaena bọ́ sí. Lójú olùwádìí, ajílẹ̀ ni ìlà igi náà. Lójú onílẹ̀, àlejò tó bá gbin igi ní ìlà-ìlà láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì, igi tí kò ní kúrò níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ti ń sọ ohun mìíràn. Paul Francis kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní 1987, ó sì fi hàn pé ètò ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ ní Nàìjíríà kan bí àgbẹ̀ yóò ṣe lè lo ọ̀nà ọ̀gbìn yìí. Onílẹ̀ tó ní ilẹ̀ púpọ̀ kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, tó sì nílò rẹ̀ jù, ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbìn ín kéré jù. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, ṣùgbọ́n ní oko, olórí ẹbí ni àgbẹ̀ ṣì ń lọ bá.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Yorùbá kọ igi àjèjì. Gliricidia, tó ti Ààrin Amẹ́ríkà wá bí kaliándírà, ti gba orúkọ Yorùbá. Àgúnmániyè ni wọ́n ń pè é. Ó wọ inú oko gẹ́gẹ́ bí ìbòji kòkó àti ọgbà, lórí oko àwọn tí ẹ̀tọ́ wọn láti gbin igi ti fìdí múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ohun tó ní ẹ̀ka ni Yorùbá kà sí igi tó ń fúnni ní ilẹ̀. Pérégún ń dúró ní ààlà láti ìran dé ìran; ohun tó ń jẹ́rìí sí ni ibi tí ilẹ̀ onílé dé, kì í fi ìdí ẹ̀tọ́ tuntun múlẹ̀ fún ẹni tó gbìn ín. Ààyè wà, nígbà náà, nínú èrò Yorùbá fún ewéko tó dúró pẹ́ láìjẹ́ ìpè ìjà. A kò rí i pé àwọn tó mú ọ̀nà ọ̀gbìn tuntun náà wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n fi ìwọ̀n àgbàdo dá àgbẹ̀ lóhùn, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè tó wà lọ́kàn onílẹ̀ ni pé kí ni igi yìí yóò sọ nípa òun lọ́jọ́ iwájú. Kaliándírà kò gba orúkọ Yorùbá kankan.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn mẹ́ta yìí kò fi hàn pé igi kò já mọ́ nǹkan. Bí kùkùté kaliándírà kò bá ń rú, kò ní lè ṣe ọgbà ní Java. Bí ewé rẹ̀ kò bá dára fún màlúù, ìwé ilẹ̀ nìkan kò ní mú àgbẹ̀ Embu gbìn ín. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé àbùdá igi ń dúró de ẹ̀tọ́. Ní Java, níbi tí ìjọba ti gba igbó, igi náà di ọ̀nà láti fi pẹ̀tù sí ìjà láìdá ilẹ̀ padà. Ní Toyomarto, lórí ilẹ̀ àwọn ará abúlé fúnra wọn, ó di owó. Ní Kẹ́ńyà, ó wọ inú ilẹ̀ tí ogun àti òfin ti pín fún olúkúlùkù, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin nítorí pé wọn kò kà á sí igi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó bọ́ sínú ètò tí igi ti jẹ́ ẹ̀rí, ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ jù kò sì tó o.

Ohun méjì ló tẹ̀yìn èyí yọ fún àwọn onímọ̀ Yorùbá. Èkínní jẹ mọ́ ìtàn. Àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, tí a sábà máa ń fi sílẹ̀ fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kún fún ẹ̀rí nípa bí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ṣe ń ronú nípa ilẹ̀, ogún àti àlejò. Àwọn igi tí àgbẹ̀ kọ̀ láti gbìn yẹ fún ìwádìí bí àwọn tó gbà láti gbìn. Èkejì jẹ mọ́ ètò tí ń bọ̀. Lónìí, wọ́n tún ń pín ọmọ igi fún àwọn abúlé nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Irú igi wo ló dára jù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó yẹ kí a ti bi àwọn àgbà abúlé, àwọn obìnrin àti àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ léèrè ṣáájú ìyẹn pé: bí igi yìí bá hù tó sì dàgbà síbí, ti ta ni yóò jẹ́?